Ẹ̀mí Mẹ́ta Nínú Yàrá Ìyá Basile

Clémentine, ìyàwó Firmin, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Abẹ́ igi kajú kan ní Akpassi ni a wà, a ń ṣa èso tí atẹ́gùn já sílẹ̀. N kò bi í ní nǹkan kan. Ó kàn nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Etí mi gbọ́ ohun tí kò yé mi, ẹnu mi sì sáré." Nígbà tó yá, mo lọ bá Joséphine fúnra rẹ̀ ní Bantè, ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ìyókù. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ ni mo tò pọ̀ síbí.

Joséphine yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Basile. Ní ọdún 1988 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tí Abel ọkọ rẹ̀ ti kú. Basile ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Kutọnu, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wálé. Ilé tí Abel fi sílẹ̀ kò tóbi: yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn, àti ọ̀kan kékeré lẹ́yìn ilé tí Abel ń kó àgbàdo sí nígbà ayé rẹ̀. Yàrá kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Abel, àgbàdo kò pọ̀ tó ohun tí à ń fi odidi yàrá tọ́jú mọ́. Ní ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Joséphine gbá gbogbo háhá àgbàdo jáde, ó fi amọ̀ di ihò eku, ó fi ọwọ́ ra ilẹ̀ títí ó fi ń dán, ó sì ní kí wọ́n dá ojú fèrèsé kan sí ara ògiri, ní ìhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ó gbé àga onígi kan síbẹ̀, ẹní kan, àmù omi kékeré, àti rédíò Abel. Ó tán. Kò gbé ibùsùn síbẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ ló ń sùn. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò bi í pé yàrá kí nìyí, ó ní, "Yàrá ìjókòó mi ni."

Wọ́n ní, "Ìjókòó kí ni? Ṣé àgbàlá kò ṣe é jókòó sí ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Yàrá ìyá rẹ̀ ni wọ́n bí i sí, àwọn mẹ́fà ni wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ó bọ́ sí yàrá ọkọ. Ní yàrá ọkọ, ọmọ dé, àìsàn ọmọ dé, ikú ọmọ méjì dé, àlejò ọkọ dé, ikú ọkọ náà dé. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn kan rí tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè tì í, tí ẹlòmíràn kò sì lè ṣàdédé ṣí i wọlé. Èyí ni àkọ́kọ́. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, tí ó ti fọ abọ́ tán, tí àkókò àtipọnmi kò sì tíì tó, á wọ ibẹ̀, á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, ara rẹ̀ á sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tí a sọ̀ kalẹ̀ lórí iná.

Clémentine nìkan ló máa ń bá a jókòó níbẹ̀. Firmin ọkọ Clémentine ni àbúrò Abel tó kẹ́yìn. Ilé wọn dojú kọ ti Joséphine, àgbàlá kan náà ni àwọn obìnrin méjèèjì ń gbá. Clémentine kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń pọn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ève. Á wọlé ní ọ̀sán, á tú ọmọ sílẹ̀ sórí ẹní, wọn á yí rédíò sí ti àwọn ará Nàìjíríà, wọn á sì máa sín olóòtú jẹ.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fà á, Ìyáálé! Bí ẹni tó ń fa ọbẹ̀ ilá!"

Joséphine á rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀.

Firmin ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí wọ́n mú Joséphine wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ó ń gbé síléètì lọ sí ilé ìwé. Joséphine ló ń nu ikun imú rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ lórúkọ. Joséphine wo síléètì abẹ́ apá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé, orúkọ yẹn nìkan ló sì ń pè é láti ọdún náà, pẹ̀lú "ẹ" àti ìkúnlẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn. Nígbà tó dàgbà, òun ni akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun tí gbogbo wọn ń lọ, ó sì di alàgbà níbẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Láti ìgbà tí Abel ti kú, òun ló ń kọ ebè iṣu Joséphine lọ́dọọdún kí ó tó kọ tirẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, Firmin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yàrá. Wòlíì kan ń wá láti Savalou lóṣooṣù láti bá ìjọ gbàdúrà, kò sì ní ibi gidi tó máa sùn sí.

"Ìyàwó," ni Firmin wí, "yàrá ẹ̀yìn yẹn, o ò lò ó fún nǹkan kan."

"Mò ń lò ó, Akọ̀wé."

"O ń fi ṣe kí ni?"

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Ẹ̀ẹ̀mejì ló béèrè, ẹ̀ẹ̀mejì ni Joséphine ní kí ó jẹ́ kí òun rò ó. Kò sí ohun tó ń rò. Ó kàn ń bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni, nítorí ilé Abel ni, Firmin sì ni ó dúró fún Abel báyìí.

Bí àsìkò kajú ti ń parí lọ, Joséphine wọ ọkọ̀ lọ sí Savalou láti ra òkúta rédíò lọ́wọ́ Affissou. Bàbá Affissou ti Ṣakí wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ọmọ ń ta rédíò, tọ́ọ̀ṣì àti aago, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Mahi, ó gbọ́ Faransé, ó sì ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ àwọn oníbàárà lẹ́nu. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń wá òkúta, Joséphine rí ohun pẹlẹbẹ kan nínú àpótí onígíláàsì, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Affissou, kí lèyí? Rédíò ọmọdé?"

"Géèmù ni, Màmá. Ohun ìṣeré ni. Inú páálí rédíò tí mo rà ní Èkó ló ti jáde. Láti ọdún tó kọjá, gbogbo Savalou ló ti gbé e wò, gbogbo wọn ló sì ti gbé e sílẹ̀."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

Affissou tẹ bọ́tìnnì kan. Ojú ohun náà, tó dà bí ojú aago, là. Ọkùnrin kékeré kan yọ níbẹ̀, dúdú bí èèrà, ẹrù lórí, afárá tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú rẹ̀, odò lábẹ́ afárá. Òkò ń já bọ́ láti òkè. Bí a bá tẹ ọ̀tún, á lọ síwájú. Bí a bá tẹ òsì, á fà sẹ́yìn.

"Ẹ wo òkè níbí," ni Affissou wí. "Orí kéékèèké mẹ́ta. Ẹ̀mí mẹ́ta ló ní. Bí òkò bá bà á, ó já sódò nìyẹn, ẹ̀mí kan lọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá lọ, ó tán."

"Ó kú nìyẹn?"

"Ó kú. Ẹ wá tẹ ibí, ẹ̀mí mẹ́ta tún padà."

Joséphine wo ojú rẹ̀. "O ò tàn mí jẹ, àbí?"

"Màmá! Èmi, nínú oṣù ààwẹ̀?"

"Oúnjẹ ni ààwẹ̀ di mọ́ ọ lẹ́nu, kò di irọ́. Gbé e wá."

"Ọmọ ta lẹ fẹ́ gbé e fún?"

"Ẹni tí mo fẹ́ gbé e fún, mo mọ̀ ọ́n," ni Joséphine wí, ó sì dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ojú tì í. Kí á má tan ara wa, ojú tì í gan-an. Obìnrin tí orí rẹ̀ ti ń hu ewú ló jókòó ti ohun ìṣeré. Nítorí náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Bí Clémentine bá kanlẹ̀kùn ní ọ̀sán, Joséphine á gbé géèmù sí abẹ́ itan, á ní, "Mò ń sùn, Clémentine." Ní ọjọ́ kejì, "Mò ń sùn." Ní ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ní ọjọ́ kẹrin Clémentine kò kanlẹ̀kùn mọ́, Joséphine kò sì fura, nítorí ọkùnrin rẹ̀ ti ń dé ìdajì afárá.

Kì í ṣe pé ó ń borí ló mú un lọ́kàn. Kì í borí. Bí ọkùnrin náà bá já sódò, ẹ̀rọ á dún tín-ín, orí kékeré kan á parẹ́ lókè, ọkùnrin náà á sì tún yọ ní etí afárá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni Joséphine ń wò. Láyé tirẹ̀, ohun tó lọ ti lọ. Kò rò pé ohun ìṣeré lè dá òkú kankan padà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ó tù ú lára pé ibì kan wà, bó tilẹ̀ kéré bí àtẹ́lẹwọ́, tí ènìyàn ti lè ṣàṣìṣe kí wọ́n sì ní kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ bí ẹní ń bá ọmọ tó ń kọ́ ìrìn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sókè láìmọ̀.

Clémentine sọ fún mi pé ní Ọjọ́bọ̀ kan ni òun lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé náà. Inú ló ń bí òun, ó ní. Òun fẹ́ mọ irú oorun tí ènìyàn ń sùn lójoojúmọ́ tí kò fi lè ṣílẹ̀kùn fún òun. Fèrèsé wà ní títì nítorí oòrùn. Ohùn Joséphine ló gbọ́, kò sí àní-àní.

"Ẹ̀mí kan ti lọ. Ó ku méjì."

Lẹ́yìn náà, ohùn tín-ín-rín kan tí kì í ṣe ti ènìyàn, tí kì í ṣe ti ẹyẹ.

"Há, ó ti já sódò! Ó ku ẹ̀mí kan. Rọra, má lọ. Má fi mí sílẹ̀."

Ohùn tín-ín-rín náà tún dún.

"Gbogbo wọn ti lọ. Kò burú. Ẹ̀yin ẹ̀mí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ padà wá."

Kí ẹni tó bá ń ka èyí má fi Clémentine rẹ́rìn-ín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ń kà, orin Yorùbá ni wọ́n ń kọ, ẹ̀mí kò sì ju oríṣi méjì lọ níbẹ̀: Ẹ̀mí Mímọ́ àti ẹ̀mí àìmọ́. Ẹ̀mí Mímọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni. Àwọn tó bá wá pé mẹ́ta, tí wọ́n ń já sódò, tí à ń pè padà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì, ta ni kò mọ ibi tí wọ́n ti wá? Clémentine sáré wọ ilé tirẹ̀. Nígbà tí Firmin jókòó ti iyán ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ fún un. Firmin dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Mẹ́ta? O mọ iye wọn?"

"Ó ń kà wọ́n ni. Mo fi etí mi gbọ́ ọ."

"Kò yà mí lẹ́nu tí kò fẹ́ kí wòlíì sùn níbẹ̀," ni Firmin wí. "Yàrá ti ní àlejò."

Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, Joséphine gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì nínú àgbàlá ara rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, géèmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin kékeré wà láàárín afárá.

"Ìyá Basile! Ṣílẹ̀kùn, ní orúkọ Jésù!"

Ìyá Olúbísí ni. Òun ni àgbà nínú àwọn obìnrin ìjọ, obìnrin ará Nàìjíríà tó ti pẹ́ ní Bantè, tó ń ta epo bẹntiróòlù nínú ìgò gàgàrà lẹ́bàá títì. Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn rẹ̀. Joséphine ti géèmù sínú ìró, ó ṣílẹ̀kùn. Ènìyàn márùn-ún ló dúró nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà: Ìyá Olúbísí pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, Firmin pẹ̀lú Bíbélì àti ìgò omi àdúrà, ọkùnrin méjì lẹ́yìn wọn, àti Clémentine tó pọn Ève, tó ń wo ilẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú?"

"Kò tíì sí," ni Ìyá Olúbísí wí. "Ìyẹn la wá dènà. Ẹ̀mí mélòó ló wà nínú yàrá yìí?"

"Ẹ̀mí kẹ̀? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"Má purọ́ níwájú àbẹ́là, ọmọbìnrin yìí. Mẹ́ta ni. Ẹ̀rí wà."

Ibi tó ti ń sọ èyí lọ́wọ́ ni òkò ti ba ọkùnrin kékeré nínú ìró. "Tín-ín!"

Àwọn ọkùnrin méjì ẹ̀yìn fò sẹ́yìn, ọ̀kan tẹ èkejì lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

"Jésù!" Ìyá Olúbísí kígbe. "Ó dáhùn! Inú ikùn rẹ̀ ló ti dáhùn!"

"Tín-ín!"

"Ìyàwó," ni Firmin wí, "kí ló wà lára rẹ?"

Joséphine rí i pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó tú etí ìró, ó mú un jáde, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ fún gbogbo wọn.

"Ohun ìṣeré ni, Akọ̀wé. Ẹ wò ó. Affissou ti Savalou ló tà á fún mi. Ẹ̀mí mẹ́ta tó ní, àwọn orí yìí ni. Ó ti ku ọ̀kan báyìí."

Ìyá Olúbísí gbé àbẹ́là fún Clémentine, ó gba nǹkan náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. Òkò já.

"Ó ti tán? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ tẹ ibí, Màmá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún nìyí, òsì nìyí."

Ìyá Olúbísí jókòó sórí àga Joséphine, ó ka ẹsẹ̀ sùtánà rẹ̀ sókè. "Yà! Yà, ìwọ arákùnrin yìí! Ṣé o ò rí òkò ni? Ó kú. Ó dáa, méjì ló kù. Sáré, sáré... Ó tún kú! Ẹrù yìí ló wúwo jù fún un, ta ló di ẹrù fún un?" Ó gbójú sókè, òógùn ti bò ó. "Ẹ̀mí mẹ́ta péré. Ẹni tó ń ta epo bíi tèmi, tí àwọn oníbàárà ń fi sìgá lẹ́nu wá rà á, ẹ̀mí mẹ́ta kò lè gbé e dé ọjọ́ Àìkú."

Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Clémentine náà rẹ́rìn-ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín náà sì ń di omijé lójú rẹ̀. Joséphine wò ó. Ìgbà yẹn ló mọ etí tó wà lẹ́yìn fèrèsé. Inú kò bí i. Ó rántí "mò ń sùn" tó ń sọ, ó sì rí i pé òun ló fi etí náà síbẹ̀.

Firmin nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán?" ni ó wí. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń sùn lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin kan sì ti yàrá mọ́rí, ó ń ṣeré."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu gbogbo wọn. Ìyá Olúbísí dìde lórí àga, ó fi géèmù lé Joséphine lọ́wọ́, ó sì sọ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Gbé e fún un, kí o tọrọ gáfárà. Ọ̀rọ̀ á tán."

Joséphine kúnlẹ̀, ó na géèmù sí i. "Akọ̀wé, ẹ gbà. Ẹ má bínú."

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kì í ṣe èyí ni mò ń béèrè. Yàrá ni. Kó ẹrù rẹ jáde kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó pé."

"Bí n kò bá ṣeré níbẹ̀ mọ́ ńkọ́?"

"Kí lo wá fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

"Mo máa jókòó."

"Lásán?"

"Mo máa sinmi, Akọ̀wé."

"Sinmi," ni Firmin wí, ó yíjú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì bí ẹni pé kí wọ́n bá òun gbọ́ ọ. "Sinmi lọ́wọ́ kí ni?"

Lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, Joséphine wá ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó lè sọ. Ó lè sọ̀rọ̀ omi tó ti pọn láti kékeré, tàbí ti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ kejì ń ṣàìsàn, tí àlejò ọkọ wá kún ilé, tó ń gúnyán fún wọn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí ọmọ náà sì tutù sí i lẹ́yìn kí iyán tó kúnná. Kò sí ìkankan tó wá sí ẹnu rẹ̀. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ẹ̀mí àìmọ́ bá wà níbẹ̀, Firmin á gba yàrá. Pé kò sí ẹ̀mí àìmọ́, Firmin ń gba yàrá. Bó bá sì ju géèmù sínú kànga, Firmin á ṣì gba yàrá. Ìjókòó òun gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀.

Ó dìde. Ó rọra gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Firmin," ni ó wí. "N kò ní kó jáde."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìyá Olúbísí gbé ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Kí lo pè mí?"

"Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́. Mo ti nu imú rẹ, mo ti fọ aṣọ tí o tọ̀ sí, mo sì kúnlẹ̀ fún ọ láti ọgbọ̀n ọdún ó lé, kò dùn mí. Ebè tí o ń kọ fún mi, mo ń dúpẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n yàrá yìí, jẹ́ kí n ní i. Bí mo bá kú, ẹ gbé wòlíì síbẹ̀."

Firmin kò pariwo. Ì bá sàn bó bá pariwo. Ó ṣí Bíbélì ọwọ́ rẹ̀, ó tún pa á dé, bí ẹni tó ń wá ojú ewé kan tí kò rí i.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ẹni tí kò mọ̀ mí ní ọkọ mọ́, èmi náà kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó. Ọkọ́ mi kò ní wọ oko rẹ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń jẹun nínú ìkòkò mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yìí láti òní lọ."

"Alàgbà," ni Ìyá Olúbísí wí, "ẹ ṣe sùúrù. Ilé bàbá Basile ni, Basile sì wà láyé. Ìjọ kò ní fi wòlíì sínú yàrá tí wọ́n fi omijé gbà. Ẹ jẹ́ ká lọ ilé mi, mo ní ibi tí wòlíì lè sùn, bó bá lè fara da òórùn epo."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín sí i. Firmin ti jáde. Àwọn ọkùnrin méjèèjì tẹ̀ lé e, Ìyá Olúbísí sì tẹ̀ lé wọn. Bó ti dé ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan èjìká Joséphine lẹ́ẹ̀kan.

Clémentine ló kù. Àbẹ́là tí wọ́n gbé fún un ṣì ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń kán sórí ìka rẹ̀, kò sì gbé e kúrò.

"Pa á," ni Joséphine wí. "Á jó ọ."

Clémentine fẹ́ ẹ pa. "N kò mọ̀ pé ohun ìṣeré ni, Ìyáálé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ẹ ń sùn."

"Mo purọ́. Ojú ló tì mí. Kì í ṣe ìwọ ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́."

"Èmi nìkan ló ń kanlẹ̀kùn," ni Clémentine wí. "Ta tún ni?"

Joséphine ní, "N kò ní tì í mọ́."

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ."

"Mo gbọ́."

"Ta ni yóò bá yín kọ ebè lọ́dún yìí?"

"N kò tíì mọ̀. Màá kọ ìwọ̀n tí apá mi bá ká."

"Ẹ ò bá ti fún un ní yàrá náà, Ìyáálé. Yàrá lásán ni." Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri yàrá náà bó ti ń sọ ọ́: fèrèsé, rédíò, ẹní tí Ève ti kọ́ bí a ti ń rá lórí rẹ̀.

"Clémentine!" Ohùn Firmin ni, láti òdìkejì àgbàlá.

Clémentine gbé àbẹ́là sórí ilẹ̀. Ó tú ọ̀já, ó tún ọmọ pọ̀n, ó fà á le ju bó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìyàwó kékeré ti ń kí ìyáálé, ó sì jáde. Joséphine dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn ṣì mú, ilẹ̀ àgbàlá gbóná débi pé Clémentine, tí kò wọ bàtà, ń gbé ẹsẹ̀ kánkán. Ó kọjá lẹ́bàá òkúta ìlọta tí àwọn méjèèjì jọ ń lò, ó kọjá lábẹ́ okùn aṣọ, ó tẹ orí ba kí aṣọ má gbá a lójú. Joséphine rò pé bó bá dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ á yíjú. Ó dé ibẹ̀, ó gbọn eruku ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.